Ọmọdé Onírùngbọ̀n Ìwàrò-Ọ̀kà

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Àkókó, ọkùnrin kan wà ní Ìwàrò-Ọ̀kà tí ó ní ìyàwó, tí ó ti bímọ, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń funfun, síbẹ̀ tí gbogbo ìlú gbà pé ọmọdé ni. Àmúsà ni orúkọ rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín tí ẹ bá fẹ́, àwọn ará Ìwàrò pàápàá rẹ́rìn-ín fún ọdún pípẹ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú ló wá bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí onírùngbọ̀n ṣe ń jẹ́ ọmọdé. Ní Ìwàrò ìgbà náà, kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń sọ ọkùnrin di àgbà, kì í sì í ṣe ìyàwó ilé. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jáde sí gbàgede, tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ní orúkọ lójú gbogbo ìlú, tí olórí ìpàdé àwọn ọkùnrin sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní obì, ọjọ́ yẹn ni wọ́n dàgbà. Ẹni tí kò bá tíì jáde, ọmọdé ni. Òun àti àwọn ọmọkùnrin kéékèèké ni yóò jọ máa gbá gbàgede. Bí àwọn ọkùnrin bá ń ṣèpàdé, ìta ni yóò jókòó sí, bí òùngbẹ bá sì gbẹ wọ́n, òun ni wọn yóò rán lómi.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Àmúsà jáde, Àmúsà kò sí nílé. Ó ti bá àwọn oníṣòwò lọ sí Lọ́kọ́jà, ó ń ru ẹrù létí odò níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Raliat ìyàwó rẹ̀. Ìgbà tí yóò fi padà dé pẹ̀lú ìyàwó àti fìlà òyìnbó kan tí kò bá orí rẹ̀ mu, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dàgbà tán, wọ́n ti ń fọwọ́ sẹ́yìn rìn. Wọ́n ní kí ó dúró de ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní àwọn kò gbà á, pé ẹ̀gbọ́n àwọn ni, bí ó bá wà láàárín àwọn yóò kàn máa rán àwọn níṣẹ́ ni. Èyí tí ó tẹ̀ lé ìyẹn tún sọ bẹ́ẹ̀. Báyìí ni Àmúsà ṣe há sáàárín, tí ó ń gbá gbàgede pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó dùn ún. Raliat kò lè lọ sódò kí wọ́n má bi í pé báwo ni ọmọ tó fẹ́ ṣe wà. Ohun tí Àmúsà sì ń fẹ́ láyé kò ju ẹyọ kan lọ, pé kí Adébíyìí fún òun ní obì ní gbàgede lójú gbogbo èèyàn. Adébíyìí ni olórí ìpàdé àwọn ọkùnrin, arúgbó gíga kan tí ó fẹ́ràn àṣà ju oúnjẹ lọ. Gbogbo ìgbà tí Àmúsà bá lọ bẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ni í máa sọ fún un: ẹnì kan kì í dá jáde, ẹgbẹ́ ni í jáde.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí ọkọ́ tó bu Àmúsà ní ojúgun.

Ó ń kọ ebè lábẹ́ àpáta ni, ọkọ́ ta lára òkúta, ó sì gé e lẹ́sẹ̀. Kò kà á sí. Wọ́n fi ewé dí i, wọ́n fi àdí pa á, wọ́n tún fi ewé mìíràn dí i. Ojú ọgbẹ́ kọ̀, kò jinná. Ó ń fẹ̀ sí i ni, ó ń ṣomi, ó sì ń rùn débi pé Raliat ń dá sùn ní yàrá kejì. Ọkùnrin kan wà ní Ògbàgì tí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mú, wọ́n ní ẹsẹ̀ kan ló kù fún un báyìí. Àgbẹ̀ tí ó ń gun òkè Ọ̀kà lójoojúmọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ku ẹyọ kan, kí ni yóò máa jẹ? Ẹ̀rù ba Àmúsà gidigidi.

Ìjọba ti kọ́ ilé oògùn kan sí Ìkàrẹ́, lẹ́yìn ọjà. Ilé funfun kékeré ni, Zacchaeus ló sì ń ṣe àkóso rẹ̀. Ọmọ ìsàlẹ̀ létí òkun ni Zacchaeus, ó ń wọ bàtà látàárọ̀ títí di alẹ́, kọ́kọ́rọ́ kún ìgbànú rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń pè é ní Dókítà bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìgbà ló ń sọ pé òun kì í ṣe dókítà. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òfin ló ń bẹ̀rù. Òfin ilé oògùn náà sì nìyí: ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni, nítorí ti ìjọba ni. Ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀fẹ́ ni, nítorí ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni, nítorí ti ìyá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà lásán, tí kò ṣiṣẹ́ fún òyìnbó, tí kò sì jalè, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Yóò san owó, owó náà sì pọ̀ ju ohun tí àgbẹ̀ tí kò lè roko mọ́ lè rí.

Sàláwù, ọ̀rẹ́ Àmúsà, ló tì í lẹ́yìn lọ sí Ìkàrẹ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tí ó pọn ọmọ ló wà níwájú wọn, Zacchaeus sì bi í ní ìbéèrè tí ó máa ń bi gbogbo wọn: ṣé ó ń rìn, ṣé ó ti leyín, àgbà wo ló pọ̀n ọ́n wá? Ọmọ kò rìn, kò leyín, ìyá rẹ̀ ló pọ̀n ọ́n. Ó ro oògùn sí i lẹ́nu lójú ara rẹ̀. Ó ní ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti gbọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ń yá ọmọ ọlọ́mọ wá pé ara rẹ̀ kò yá, tí wọ́n bá dé ìdí ìrókò lọ́nà, wọ́n á mu oògùn náà fúnra wọn.

Ó wá kan Àmúsà. Zacchaeus wo ọgbẹ́, ó ṣe hùn, ó ní oògùn rẹ̀ wà, pé bí ó bá ń wá déédéé yóò jinná. Ó sì sọ iye rẹ̀. Àmúsà dìde láti máa lọ. Ibẹ̀ ni Sàláwù, tí kò mọ ìgbà tí a kì í ṣàwàdà, ti sọ pé, "Dókítà, ẹ kàn tọ́jú rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé ni eléyìí."

Zacchaeus kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bóyá òótọ́ ni. Sàláwù ṣàlàyé. Zacchaeus ronú, nítorí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti pàṣẹ fún un lẹ́nu pé ní ti ẹni tó jẹ́ àgbà àti ẹni tó jẹ́ ọmọdé, àṣà ìlú kọ̀ọ̀kan ni kí ó tẹ̀ lé, kí ó má dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní tí olórí ìlú wọn bá wá jẹ́rìí sí i pé ọmọdé ni Àmúsà, òun kò ní ẹnu láti fi kọ̀. Ó ní kí ìyá rẹ̀ sì mú un wá, nítorí ọmọdé kì í dá wá.

Ẹ wo ọkùnrin kan tí ó ti fi ìdajì ayé rẹ̀ bẹ Adébíyìí pé kí ó jọ̀wọ́ ka òun sí àgbà. Lọ́jọ́ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá mi jẹ́rìí ní Ìkàrẹ́ pé ọmọdé ni mí." Inú Adébíyìí dùn kọjá àlà. Ó wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù, ó rìn dé Ìkàrẹ́, ó sì fi gbogbo ẹnu sọ fún Zacchaeus pé ọmọdé pátápátá ni Àmúsà, pé òun ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, inú òun sì dùn pé ìjọba ti gbọ́.

Ìyá Àmúsà ń jẹ́ Àsàmáù. Ó ti dàgbà púpọ̀, ara rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ kò ní eyín kankan mọ́ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bọ́ níbẹ̀ bí ìgbà tí a da àgbàdo sílẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú wọ ilé oògùn, nítorí Zacchaeus ní bí wọ́n ṣe ń mú ọmọdé wọlé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bi í pé ṣé òun ló bí i, ó ní òun ni, àti pé orí rẹ̀ tóbi lọ́jọ́ náà, òun kò tíì gbàgbé.

Òfin ní kí wọ́n wọn gbogbo ọmọdé. Agbọ̀n kékeré kan ló so mọ́ àjà fún ìyẹn, ẹsẹ̀ Àmúsà kan ni ó gbà. Zacchaeus ránṣẹ́ sí ọjà, wọ́n lọ gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èkùrọ́ wá, wọ́n gbé Àmúsà kọ́, gbogbo ọjà Ìkàrẹ́ sì wá wòran. Zacchaeus sọ fún Àsàmáù pé ọmọ rẹ̀ ń ṣe dáadáa, pé ó tóbi ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó wẹ ọgbẹ́ náà, ó fi oògùn sí i, ó fi aṣọ funfun dì í. Ṣíbí ọmọdé ló fi ro èyí tí ó jẹ́ mímu sí i lẹ́nu, ó ní kí ó gbé e mì kí òun rí i. Àmúsà gbé e mì. Ìwọ ni Zacchaeus ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àmúsà lè bí i. Àmúsà fara mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí ìtìjú ti ń jẹ ẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìtìjú yóò ṣe é lóore.

Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, òun àti ìyá rẹ̀ ń rìn láti Ìwàrò sí Ìkàrẹ́, ọgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Òórùn rẹ̀ lọ. Raliat padà sí yàrá. Etí ọgbẹ́ ń pọ́n wá sáàárín, kò ku púpọ̀ kí ó pa ojú dé.

Ohun tí wọ́n kò rò ni pé gbogbo Ọ̀kà ń wò wọ́n. Ta ni kò ní àìsàn? Sàláwù fúnra rẹ̀ ní ìpá, ó ti ń gbé e kiri lábẹ́ ṣòkòtò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lọ bá Adébíyìí, ó ní òun ti ronú sí ọ̀rọ̀ ìjáde ẹgbẹ́ òun, pé òun rántí báyìí pé òun sùn lọ nígbà tí wọ́n ń pín obì, nítorí náà òun kò dàgbà. Adébíyìí lé e síta. Ọkùnrin kan ní obì tòun ní ìdin nínú, òun sì tu ú nù. Òmíràn ní ìbejì òun ló lọ, òun kọ́. Arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ń ṣú wá jẹ́wọ́ pé ó dùn òun láti sọ ọ́ lọ́jọ́ alẹ́ òun, ṣùgbọ́n pé ọmọdé ni òun, òun kàn ti ń tan ìlú jẹ ni.

Èyí tí ó burú jù wáyé nígbà tí ọdún ìjáde ẹgbẹ́ tún dé. Adébíyìí wọṣọ, ó gbé obì lé àwo, ó dúró ní gbàgede. Kò sí ẹni tó yọ. Àwọn tí ó yẹ kí ó jáde ti sá lọ sóko, àwọn mìíràn wà lábẹ́ ibùsùn ìyá wọn. Ìyá kan ránṣẹ́ wá pé ọmọ òun ṣì kéré, kí wọ́n jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i, ọmọ náà sì ni ó ń sun igi lóko tí gbogbo abúlé ń rí èéfín rẹ̀. Adébíyìí gbé àwo obì padà sílé. Wọ́n ní ojú tirẹ̀ náà ń dùn ún, ó sì ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀, àfi pé kò sí ẹni tó ju òun lọ láàyè tí yóò lọ bá òun jẹ́rìí.

Nínú gbogbo ariwo yìí, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ikọ́ Àsàmáù.

Ó ti ń wú u tipẹ́. Lórí bẹ́ǹṣì tí ó ti ń dúró de ọmọ rẹ̀ ló ti máa ń wú u, á fi ìborùn dí ẹnu, á ní ekuru ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ kan ó wú u ní ìdí àpáta tí wọ́n ti máa ń sinmi, kò sì lè dìde mọ́. Àmúsà tí ẹsẹ̀ ń dùn ló pọ̀n ọ́n délé. Láti ọjọ́ náà kò rìn mọ́. Ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń jẹ, Raliat ló sì ń fi ọwọ́ bù ú sí i lẹ́nu. Òru àti ọ̀sán, ikọ́ ni.

Raliat ló mú Àmúsà lọ sí Ìkàrẹ́ lẹ́yìn èyí, wọ́n ní ìyàwó bàbá rẹ̀ ni, kí Zacchaeus má baà lé e. Àmúsà kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó béèrè. Ó ní ìyá òun ń kú lọ, pé ikọ́ ni, pé ṣé oògùn rẹ̀ wà? Zacchaeus ní ó wà. Ó tọ́ka sí i, ìgò pupa kan lórí pẹpẹ, ó ní ó ti gba àwọn mélòó kan tí ó rí bẹ́ẹ̀ là. Ó béèrè bóyá ìyá náà ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Rárá. Ó béèrè ti ta ni.

Àmúsà ní, "Tèmi ni."

Zacchaeus ní ọmọdé kò lè ní èèyàn. Ọmọdé kò lè mú ẹnikẹ́ni wá. Àgbà ló ń mú ọmọdé wá, ọmọdé kì í mú àgbà wá, ọmọdé kì í sì í mú ọmọdé wá. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò fẹ́ kó dùn ún. Bóyá ó tilẹ̀ yẹ kó pariwo mọ́ ọn, Àmúsà ìbá rí ẹni bá jà.

Àmúsà jókòó. Níwájú rẹ̀, obìnrin kan ń tú ọ̀já ọmọ rẹ̀, Zacchaeus sì ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ó ń rìn, ṣé ó ti leyín, àgbà wo ló pọ̀n ọ́n wá? Àmúsà gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ó dìde láì jẹ́ kí wọ́n wẹ ọgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní kí Raliat jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé.

Lọ́nà, ó sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Raliat wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kò kù ju díẹ̀ lọ. Ó ní kí ó dúró títí yóò fi pa ojú dé, kí ó tó ṣe é. Àmúsà ní ikọ́ kò ní dúró. Raliat gba igi tí ó fi ń tilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi èjìká tirẹ̀ dípò.

Ó lọ bá Adébíyìí nírọ̀lẹ́. Arúgbó náà jókòó síwájú ilé, àwo obì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obì náà sì ti ń gbẹ. Àmúsà dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun fẹ́ jáde. Adébíyìí rò pé ó wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí ó rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "O mọ̀ pé tó o bá dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ ti di àgbà nìyẹn."

Àmúsà ní òun mọ̀.

Adébíyìí ní ẹnì kan kì í dá jáde, ẹgbẹ́ ni í jáde. Ó tún wo àwo obì náà. Lẹ́yìn náà ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní Ìwàrò tí ó gbà láti dàgbà, ẹni náà nìkan ti di ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ìjáde náà jẹ́ ìyàlẹ́nu. Adébíyìí kò dín ohunkóhun kù nínú rẹ̀. Ìlà tí ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tò, Àmúsà nìkan ló tò ó. Ibi tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ ti jọ kọrin, òun nìkan ló kọ ọ́, Ọlọ́run kò sì fún un ní ohùn. Wọ́n yan olórí ẹgbẹ́, òun ni, wọ́n yan igbákejì, òun náà ni, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Ò-dá-dúró. Àwọn tí ó sá fún ìjáde ń yọjú láti ẹ̀yìn ògiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó kan obì, Adébíyìí fi ọwọ́ méjèèjì fún un, ó sì tẹrí ba díẹ̀, èyí tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí Àmúsà ti ń fẹ́ láti ìgbà tí ó ti Lọ́kọ́jà dé nìyẹn. Ó gbà á, ó jẹ ẹ́, ó korò, ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé òun yóò sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ló ń wò, bóyá yóò gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀, Raliat sì gbé Àsàmáù lé e lẹ́yìn. Ọ̀já tí Àsàmáù fi pọn Àmúsà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi gbá a, ó ti fi í pa mọ́ sínú àpótí láti ọjọ́ náà. Ìyá náà kò wúwo ju ìdì igi lọ. Ó ní ojú ń ti òun. Àmúsà ní kí ó fi orí lé òun léjìká kí ó sùn, ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí a pọ̀n nìyẹn. Raliat fẹ́ bá wọn lọ, Àmúsà kọ̀, ó ní bí ó bá tẹ̀ lé wọn, Zacchaeus lè ní àgbà tó ń mú Àmúsà wá nìyẹn, pé ọmọdé ṣì ni, yóò sì da gbogbo rẹ̀ rú.

Ọ̀nà Ọ̀kà sí Ìkàrẹ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe gun òkè kan tán ni ọgbẹ́ ya. Ó mọ̀ nígbà tí ó ya, ó mọ̀ ọ́n lára bí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ṣe ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Kò wò ó. Ìyá rẹ̀ ń wúkọ́ sí i létí, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ láàárín ikọ́, pé kí ó rọra, pé òun kò pọ̀n ọ́n báyìí rí, pé òun kì í mi ọmọ lẹ́yìn.

Ilé oògùn kún. Àwọn tó jókòó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó pọn ìyá àgbà pẹ̀lú ọ̀já, ẹ̀rín sì sọ. Zacchaeus kò rẹ́rìn-ín, kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo Àmúsà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi í bí ó ṣe máa ń bi gbogbo wọn.

"Ṣé ó ń rìn?"

"Kò rìn."

"Ṣé ó ti leyín?"

Àsàmáù la ẹnu fúnra rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó rí gbogbo rẹ̀ dáadáa.

"Àgbà wo ló pọ̀n ọ́n wá?"

"Èmi ni," Àmúsà wí. "Mo jáde lánàá. Ẹ ránṣẹ́ bi Adébíyìí."

Zacchaeus ronú títí. Ó wá inú òfin láti òkè dé ilẹ̀, kò rí ibi tí ó ti sọ iye ọdún tí ẹni tí kò rìn, tí kò leyín, tí a pọ̀n wá, gbọ́dọ̀ jẹ́. Ó gbé ìgò pupa náà sọ̀kalẹ̀. Ó fi ṣíbí ọmọdé ro ó sí Àsàmáù lẹ́nu, ó dúró títí ó fi gbé e mì, ó sì fún Àmúsà ní ìgò náà mú lọ sílé, ó sọ bí yóò ṣe máa lò ó. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ibẹ̀ ni Zacchaeus ti rí ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti tò láti ẹnu ọ̀nà wá títí dé ẹsẹ̀ Àmúsà. Ó lóṣòó, ó wo ọgbẹ́ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tí ó kù díẹ̀ kó jinná, tí ó ti là gbàragàdà. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan aṣọ funfun lórí tábìlì kí ó tó rántí. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Bàbá," ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò pè é bẹ́ẹ̀, "ẹ ti dàgbà."

Àmúsà ní òun mọ̀, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti yíjú láti máa lọ. Àsàmáù ló kọ̀ láti lọ. Láti ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́ gbígbẹ sí Zacchaeus, ó ní kí ó dì í. Ó ní, "Ọmọ mi ni. Ṣebí èmi ni mo máa ń mú un wá láti ilé."

Ojú Zacchaeus pọ́n. Ó mọ ohun tí òfin sọ, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

"Yèyé," ó ní, "ẹ̀yin náà ti di ọmọdé. Ọmọdé kì í mú èèyàn wá."

Wọ́n padà sójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí àpáta tí wọ́n ti máa ń sinmi, Àsàmáù ní kí ó sọ òun kalẹ̀. Ó ní kí ó tú ọ̀já. Kò ní eyín tí yóò fi ya á, nítorí náà ó ní kí Àmúsà fi eyín tirẹ̀ ya á sí méjì, Àmúsà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá náà gba ìdajì kan, ó fi dì í lẹ́sẹ̀, ó dì í kó le, bí ó ṣe ń dì í nígbà tí Àmúsà kéré tí ó ń ṣubú kiri àpáta. Ìdajì tó kù kò tó yí àwọn méjèèjì ká. Àmúsà tún bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ fi apá kọ́ ọ lọ́rùn, ìgò oògùn wà lọ́wọ́ ìyá náà, Àmúsà fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú lẹ́yìn níbi tí ọ̀já kò dé, wọ́n sì ń lọ sílé.